Bí colchicine ṣe ń dá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara dúró, àti ìdí tí gbòǹgbò oko kò fi lè rọ́pò rẹ̀

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Bàbá mi ti pé ọdún 63. Ó ti tó ọdún méjì tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ti máa ń wú lóru, á pọ́n, á gbóná, aṣọ ìbora pàápàá kò ní lè kàn án. Dókítà ní gout ni, ó sì kọ colchicine 0.5 mg àti allopurinol fún wọn. Àmọ́ ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì sọ fún Bàbá pé colchicine ń pa àwọn ọmọ ogun ara, pé tó bá yá, ibà lásán ni yóò gbé wọn dè. Ọ̀rẹ́ wọn kan tún ní ṣebí ara ewéko ni àwọn òyìnbó ti yọ ọ́, ló bá wú gbòǹgbò kan wá láti oko, ó ní kí wọ́n sè é, kí wọ́n máa mu omi rẹ̀ láàárọ̀ dípò hóró. Bàbá tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ òótọ́ nínú wọn?"

Arábìnrin, ẹ kú aájò Bàbá. Kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu omi gbòǹgbò yẹn. Bí wọ́n bá ti mu ún, ẹ pa ìwé yìí tì ná, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lónìí, kódà bí ara wọn bá le koko. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Ní ti àwọn méjì tó gba Bàbá nímọ̀ràn, kálukú wọn ló di ìdajì òótọ́ mú. Lóòótọ́ ni colchicine ń dí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara lọ́wọ́. Ohun tí a torí rẹ̀ ń lò ó gan-an nìyẹn. Lóòótọ́ náà ni pé ara ewéko ni wọ́n ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n tí dókítà kọ, kì í pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Pé ó wá láti ara ewéko kò sì sọ gbòǹgbò rẹ̀ di ohun tí kò léwu. Ohun kan náà tó ń mú kí ẹsẹ̀ Bàbá rọlẹ̀ ló lè pa èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìwọ̀n nìkan ló ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń jà nínú àtàǹpàkò Bàbá. Uric acid ni ìdọ̀tí tó máa ń ṣẹ́kù nígbà tí ara bá tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní purine palẹ̀. Purine wà nínú sẹ́ẹ̀lì tiwa fúnra wa, ó sì pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran, nínú sàdíìnì àti nínú bíà. Kíndìnrín ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú uric acid dà sínú ìtọ̀. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi 6.8 mg nínú dẹ̀sílítà ẹ̀jẹ̀ kan (ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà), kò lè máa yọ́ nínú omi ara mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í dì sí ẹ̀rún ṣóńṣó-ṣóńṣó nínú oríkèé, pàápàá níbi tó tutù lára, bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀rún yìí lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì da ẹnikẹ́ni láàmú. Ọjọ́ tí macrophage, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbé inú oríkèé tó sì ń gbé ìdọ̀tí mì, bá gbé ẹ̀rún náà mì ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì náà, àwọn purotéènì kan á kó ara wọn jọ, èyí tí wọ́n ń pè ní NLRP3 ni ó ṣáájú wọn. Wọ́n á gé purotéènì mìíràn, IL-1β, sí bó ṣe yẹ kó rí kó tó lè ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì á sì tú u síta. Àwọn onímọ̀ kan ní Lausanne, nílẹ̀ Switzerland, ló fi ìdí èyí múlẹ̀ lọ́dún 2006.

IL-1β yìí ló ń pe àwọn neutrophil. Neutrophil ni ó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń yí kiri títí tí ìpè bá fi dé. Bí ìpè bá ti dé, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí oríkèé, wọ́n á fún ara wọn gba àárín sẹ́ẹ̀lì ara òpó náà kọjá, wọ́n á ya wọ inú oríkèé lọ́gọ́ọ̀rọ̀. Àwọn náà á gbé ẹ̀rún mì, ọ̀pọ̀ wọn á bẹ́, ohun tí wọ́n tò pa mọ́ láti fi jẹ kòkòrò run á dà sórí ẹran ara tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, wọ́n á sì tún máa pe àwọn mìíràn kún ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ fi lè dára lálẹ́ kó sì ti wú kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, ooru, pípọ́n àti oró tí Bàbá ń rí, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ara náà ni. Kò sí kòkòrò kankan níbẹ̀ tí wọ́n ń bá jà. Ẹni tó bá ní ká má fọwọ́ kan wọn rárá ń sọ pé ká jẹ́ kí wọ́n máa ba oríkèé náà jẹ́ nìṣó ni.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ohun tó ń dá wọn dúró jìn. Ewéko kan wà ní Yúróòpù tó ń tanná aláwọ̀ àlùkò nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá parí, Colchicum autumnale lorúkọ rẹ̀. Alexander ará Tralles, oníṣègùn kan tó jẹ́ ẹ̀yà Gíríìkì, ti ń fi irú ewéko yìí tọ́jú gout láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹfà, ó sì ti rí i nígbà yẹn pé ó máa ń mú kí inú ṣí. Ní 1820, Pelletier àti Caventou yọ èròjà inú rẹ̀ jáde ní Faransé, ní ọdún kan náà tí àwọn méjèèjì yọ kiníìnì láti ara èèpo igi, kiníìnì tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ibà. Ní 1833 ni Geiger, ará Jámánì, sọ èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní colchicine. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì títí di àwọn ọdún 1960, nígbà tí Borisy àti Taylor ní Chicago fi colchicine tí wọ́n ti sàmì sí lára wá ohun tó ń lẹ̀ mọ́, tí wọ́n sì bá purotéènì tí a wá mọ̀ sí tubulin.

Tubulin yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn òpó wẹ́wẹ́ wà tí ojú lásán kò lè rí, tubulin ni búlọ́ọ̀kù tí ara fi ń mọ wọ́n. Àwọn òpó náà kì í dúró sójú kan, wọ́n ń gùn sí i bí búlọ́ọ̀kù tuntun ti ń gorí wọn, wọ́n sì ń kúrú bí ti tẹ́lẹ̀ ti ń já bọ́. Colchicine á lọ lẹ̀ mọ́ tubulin kan tó ṣì wà lọ́tọ̀, á sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí tubulin tó tẹ̀ yìí bá wá bọ́ sórí òpó, ó máa dà bí ìgbà tí bíríkìlà to búlọ́ọ̀kù tó wọ́ sórí ògiri: èyí tó kàn kò ní rí ibi jókòó, ògiri á dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi gba colchicine púpọ̀ kó tó ṣiṣẹ́. Kò nílò kí gbogbo tubulin inú sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ oògùn; kí díẹ̀ tó ti tẹ̀ dé orí òpó ti tó.

Àwọn òpó yìí ni sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ ibi tó dojú kọ nígbà tó bá ń rìn, orí wọn náà ló ń gbé ẹrù inú rẹ̀ gbà láti ibì kan sí ibòmíràn. Tí wọn kò bá gùn dáadáa, ìjà inú oríkèé á fọ́ ní ojú ọ̀nà mẹ́ta ó kéré tán. Àkọ́kọ́ ni ara òpó ẹ̀jẹ̀: sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ máa ń na purotéènì kan jáde, E-selectin, tí neutrophil ń dì mú kó lè dúró. Bí colchicine bá wà, kódà ní ìwọ̀n tó kéré gan-an, E-selectin kì í tò bó ṣe yẹ, ọwọ́ neutrophil á sì máa yọ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbé e kọjá. Èkejì ni neutrophil fúnra rẹ̀: yóò ju L-selectin tó fi ń dì mọ́ nǹkan nù, ara rẹ̀ kò sì ní rọ̀ tó láti fún gba àárín sẹ́ẹ̀lì wọlé. Ẹ̀kẹta ni inú macrophage: orí òpó wọ̀nyí ni àwọn ẹ̀yà NLRP3 ti ń sún mọ́ ara wọn kí wọ́n tó lè parapọ̀, bí wọn kò bá pàdé, IL-1β kò ní jáde tó bó ṣe yẹ, ìpè á sì rẹlẹ̀.

Ẹ lè wá bi mí pé, bó ṣe jẹ́ pé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ló ní tubulin, kí ló dé tí oògùn náà fi dojú kọ neutrophil? Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lò ó bi ni. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ló ní ẹ̀rọ kan lára awọ wọn, P-glycoprotein, tó ń fa colchicine jù síta bó ṣe ń wọlé. Ti neutrophil kéré gan-an. Nítorí náà, oògùn á máa kó jọ sínú rẹ̀ títí yóò fi pọ̀ ju ti inú omi ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, ó sì lè wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun fún ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí a ti gbé hóró kan mì. Bí colchicine ṣe lè ṣiṣẹ́ ní 0.5 mg lójúmọ́ láì da sẹ́ẹ̀lì ọkàn tàbí ti iṣan rú nìyẹn. Ẹ rántí ẹ̀rọ afàsíta yìí o, nítorí oògùn mìíràn tó bá dí i ló ń dá ewu sílẹ̀, a ó padà dé ibẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ẹni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ìwọ̀n kékeré, colchicine kì í pa neutrophil, kì í sì í dín iye wọn kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ó kàn ń dí wọn lọ́wọ́ láti ya lu oríkèé. Ó tún yàtọ̀ sí àwọn oògùn bíi cyclosporine tí wọ́n ń fún ẹni tó gba kíndìnrín ẹlòmíràn. Àwọn yẹn dojú kọ lymphocyte, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń rántí àrùn tó ti ṣe wá rí, tó sì ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára wúlò. Colchicine kékeré kì í fọwọ́ kan ìrántí yẹn lọ́nà tó ṣe gúnmọ́. Àmọ́ n kò ní sọ pé kò sí nǹkan kan rárá níbẹ̀. Nínú ìwádìí COLCOT tí àwọn ará Montreal ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019, wọ́n fún àwọn tí àìsàn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ní 0.5 mg lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn tó lé ní 4,700 ló wà nínú rẹ̀. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó le ṣe ìdá 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo colchicine, ó sì ṣe ìdá 0.4 nínú àwọn tí kò lò ó. Ìyàtọ̀ náà kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Bí Bàbá bá ní ikọ́ àti ibà nígbà tí wọ́n ń lo oògùn yìí, kí wọ́n má jókòó tì í nílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Kí dókítà gbọ́ àyà wọn. Ibà ẹ̀fọn ní tirẹ̀, kí wọ́n ṣàyẹ̀wò rẹ̀, kí wọ́n sì lo oògùn rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹni náà bẹ̀rù, tí kò sì mẹ́nu kàn, ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ìwọ̀n bá pọ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, òpó tubulin ló ń fa àwọn kromosómù, ìyẹn àwọn òwú wẹ́wẹ́ tó ń gbé ohun àjogúnbá wa, lọ sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Bí colchicine bá pọ̀, ìpínyà náà á dúró láàárín ọ̀nà. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lo èyí fún ire: colchicine ni Tjio àti Levan fi dá sẹ́ẹ̀lì dúró kí wọ́n tó lè ka kromosómù èèyàn dáadáa, tí wọ́n sì sọ fún ayé ní 1956 pé 46 ni, òun náà ni àwọn àgbẹ̀ onímọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀ bàrà olómi tí kò ní kóró. Nínú ara èèyàn, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín lọ́sàn-án lóru ni ìfun, mùdùnmúdùn inú egungun àti gbòǹgbò irun. Àwọn ibẹ̀ ni májèlé colchicine ti ń kọ́kọ́ hàn. Ìgbẹ́ gbuuru ni àmì ìkìlọ̀ rẹ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n á ní kí aláìsàn máa gbé e mì ní wákàtí-wákàtí títí inú yóò fi ṣí. Ẹ má gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2010 fi 1.8 mg láàárín wákàtí kan wé 4.8 mg láàárín wákàtí mẹ́fà. Ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí i pé ìrora dín kù dé ìdajì pẹ̀lú ti kékeré, ìdá 33 pẹ̀lú ti ńlá, ìdá 16 pẹ̀lú hóró òfìfo. Ìgbẹ́ gbuuru ṣe ìdá 23 nínú àwọn ti kékeré, ó ṣe ìdá 77 nínú àwọn ti ńlá. Àfikún yẹn kò mú ìrora lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàhálà inú nìkan ló fi kún un.

Ó wá kan gbòǹgbò. Ewéko kan wà nínú igbó tiwa níbí, ó sì pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà àti Íńdíà, Gloriosa superba, tí ilẹ̀ Zimbabwe fi ṣe òdòdó orílẹ̀-èdè wọn. Orúkọ tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò, nítorí náà ìrísí ni kí ẹ fi dá a mọ̀. Ó máa ń fà gun igi mìíràn nígbà òjò. Ẹnu ewé rẹ̀ gùn tín-ín-rín, ó ká kò, òun ló fi ń di nǹkan mú. Òdòdó rẹ̀ pupa lókè, ó pọ́n bí ìyeyè nísàlẹ̀, etí rẹ̀ ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ sì ń yí padà sókè. Iṣu rẹ̀ kéré, ó sábà máa ń pín sí ẹ̀ka méjì. Ó ní colchicine púpọ̀ débi pé àwọn àgbẹ̀ Tamil Nadu, ní Íńdíà, ń gbìn ín kí wọ́n lè ta kóró rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe oògùn. Ní Sri Lanka, àwọn èèyàn ti sè é jẹ nítorí pé wọ́n rò pé ànàmọ́ tàbí iṣu ni, wọ́n sì kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iṣu Gloriosa lè ní nǹkan bíi mílígíráàmù kan sí mẹ́ta colchicine nínú gíráàmù kan. Ìyẹn ni pé gíráàmù 10, tí kò tó ìpín kékeré kan ní àtẹ́lẹwọ́, lè kó 10 sí 30 mg. Hóró Bàbá jẹ́ 0.5 mg. Ìpín kékeré yẹn lè tó hóró 20, ó lè tó 60, kò sì sí ojú tàbí ahọ́n tó lè sọ èwo ni. Ọ̀kan tí wọ́n wú lónìí àti èyí tí wọ́n wú lóṣù tó ń bọ̀ láti inú ilẹ̀ kan náà kò ní dọ́gba. Sísè kò ràn án, nítorí colchicine ń yọ́ nínú omi, iná ìdáná kì í sì í bà á jẹ́. Inú omi tí wọ́n máa mu gan-an ló ń lọ. Èèyàn ti kú lẹ́yìn ohun tí kò tó 10 mg rí. Ní gbogbogbòò, bí ó bá ti ń sún mọ́ 0.5 mg fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 30 mg fún ẹni tó wọn kílò 60, mùdùnmúdùn egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́; bó bá kọjá 0.8 mg fún kílò kan, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni yè é.

Mi ò rí ohun tí ọ̀rẹ́ Bàbá wú. Ó lè jẹ́ Gloriosa, ó lè jẹ́ ohun mìíràn pátápátá. Bó bá jẹ́ Gloriosa, ẹ ti gbọ́ ìṣírò rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ òun, ó ṣeé ṣe kí colchicine má sí nínú rẹ̀ rárá, ọ̀rọ̀ pé "ara igi kan náà ni" ti tán nìyẹn, ẹ ò sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ fún àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. N kò bú àgbo o. Àgbo tí a mọ ewé rẹ̀ tí a sì mọ ìwọ̀n rẹ̀ ní ipò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èròjà tí ààyè tó wà láàárín ìwòsàn àti ikú rẹ̀ há tó báyìí, ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n.

Mo ní ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn kódà bí ara wọn bá le. Ìdí ni pé májèlé yìí máa ń tan èèyàn jẹ. Láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rìnlélógún, èébì, inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru á dé, ilé á sì máa pè é ní oúnjẹ tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ó lè rọlẹ̀ díẹ̀, tí gbogbo èèyàn á ní ó ti lọ. Láti ọjọ́ kejì sí ọjọ́ keje ni ẹ̀jẹ̀ funfun á wá wálẹ̀, kíndìnrín á dákẹ́, ọkàn á máa lù gbákan-gbákan, èémí á ṣòro. Ẹni tó bá yè é lè rí i kí irun orí rẹ̀ máa já ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta. Kò sí oògùn apa-májèlé rẹ̀ tí ilé ìwòsàn ń tọ́jú pa mọ́, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ dípò kíndìnrín kò sì lè fọ̀ ọ́ jáde nítorí pé inú sẹ́ẹ̀lì ló ti sá wọ̀. Wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ni èédú oògùn ti lè wúlò. Ẹ mú gbòǹgbò tó ṣẹ́kù dání, kí ẹ sì sọ àkókò tí wọ́n mu ún.

Ní ti hóró tí wọ́n kọ fún Bàbá, ohun méjì ló yẹ kí ẹ yẹ̀ wò kí ọkàn yín tó balẹ̀. Ọ̀kan ni kíndìnrín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ creatinine ni kí ẹ bèèrè, pẹ̀lú eGFR tí wọ́n máa ń ṣírò láti ara rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí hàn. Bí eGFR bá wà lábẹ́ 30, dókítà yóò dín colchicine kù gan-an tàbí kó fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Láìrí nọ́ńbà yẹn, kò sí apòògùn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé 0.5 mg bá Bàbá mu. Èkejì ni oògùn mìíràn tí wọ́n ń lò. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú apá kan colchicine palẹ̀, ẹ̀rọ afàsíta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sì ń ràn án lọ́wọ́ láti kó o dànù. Clarithromycin àti erythromycin, tí àwọn èèyàn ń rà ní kẹ́míìsì fún ikọ́ láì bèèrè, ń dí ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀rọ afàsíta náà lọ́wọ́. Clarithromycin ló burú jù nínú wọn, ó sì ti pa àwọn tó ń lo colchicine ní ìwọ̀n tó tọ́. Ketoconazole oníhóró náà wà níbẹ̀, ritonavir tó wà nínú oògùn HIV kan pẹ̀lú, àti ọsàn gíréèpù. Nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, verapamil àti diltiazem ni kí ẹ wò lára páálí. Bí ọ̀kan bá wà níbẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ pe dókítà. Hydrochlorothiazide kò ní wàhálà pẹ̀lú colchicine, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ń mú kí uric acid pọ̀, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru alápòpọ̀ tí a ń tà níbí. Ó ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó ń ta iná sí ẹsẹ̀ Bàbá. Losartan ń dín uric acid kù díẹ̀, ó sì tọ́ kí ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè pààrọ̀. Bí Bàbá bá tún ń lo oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, irú statin, ẹ ṣọ́ bí itan bá ń dùn wọ́n tàbí tó ń rọ.

Ìlò rẹ̀ rèé. Bí ẹsẹ̀ bá fẹ́ wú, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù ni 1 mg lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìyẹn hóró méjì, kí wọ́n sì lo 0.5 mg lẹ́yìn wákàtí kan, kó tán lọ́jọ́ yẹn. Láàárín wákàtí méjìlá àkọ́kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ jù, nítorí pé neutrophil tí kò tíì wọlé ló rọrùn láti dá dúró. Èyí tó ti kún inú oríkèé ti ń ṣe tirẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn tó máa ń dúró dọjọ́ kẹta kí wọ́n tó gbé e mì fi máa ń ní kò ṣiṣẹ́. Bí dókítà bá ti ní kí Bàbá máa lo hóró kan lójoojúmọ́, ẹ bèèrè bóyá kí wọ́n fi ti ẹsẹ̀ wíwú kún un tàbí kí wọ́n yọ hóró ojoojúmọ́ ti ọjọ́ yẹn. Bí inú bá ṣí, kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n sì pe ẹni tó kọ ọ́. Omi dídì tí a fi aṣọ wé lórí oríkèé náà ń ràn án lọ́wọ́. Bí colchicine kò bá bá wọn mu, prednisolone 30 sí 35 mg lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún jẹ́ ọ̀nà tó dára, bí wọn kò bá ní àtọ̀gbẹ. Ó ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè. Ibuprofen àti diclofenac náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ fún ẹni ọdún 63 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kíndìnrín ni màá kọ́kọ́ rò kí n tó fọwọ́ sí i.

Ibi tí agbára colchicine mọ náà yẹ kí ẹ mọ̀. Kì í yọ ẹ̀rún kankan kúrò, kì í sì í dín uric acid kù. Bí a bá fi òun nìkan tọ́jú gout, oríkèé á máa bàjẹ́ nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ìgbóná ara ló ń tẹ́ sílẹ̀. Nígbà COVID-19, ìwádìí RECOVERY ní Bìrìtìkó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn nínú ilé ìwòsàn ní colchicine, kò sì gba ẹ̀mí wọn là. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí neutrophil àti IL-1β bá ti jẹ́ ọ̀gá ìjà. Àwọn kan á ní kí Bàbá lo àtalẹ̀ pupa dípò rẹ̀, nítorí curcumin inú rẹ̀ ń dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ nínú àwo ìwádìí. Òótọ́ ni nínú àwo, ṣùgbọ́n ìfun kì í jẹ́ kí púpọ̀ rẹ̀ dé ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n fi se ọbẹ̀, kò burú. Ẹsẹ̀ tó wú lóru kò ní tìtorí rẹ̀ rọlẹ̀.

Allopurinol ló ń wo gout láti ìdí. Wọ́n sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 100 mg lójúmọ́, wọ́n á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí uric acid yóò fi wà lábẹ́ 6 mg nínú dẹ̀sílítà kan. Bí uric acid bá ti ń wálẹ̀, àwọn ẹ̀rún àtijọ́ á máa yọ́, á máa já bọ́ sínú omi oríkèé, macrophage á rí wọn, ẹsẹ̀ á sì tún wú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ju allopurinol nù ní àkókò yẹn, wọ́n ní oògùn náà ló dá àìsàn sílẹ̀. Kí Bàbá má ṣe bẹ́ẹ̀. Torí àkókò yẹn gan-an ni dókítà ṣe so colchicine mọ́ ọn, hóró kan tàbí méjì lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Bí nǹkan bá sú sí wọn lára tàbí tí egbò bá yọ lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ allopurinol, ìyẹn nìkan ni kí wọ́n fi dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì lọ rí dókítà. Kí ẹ fi colchicine sínú páálí rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì tó. Hóró mélòó kan ti tó láti pa ọmọ kékeré. Bó bá di oṣù kẹfà tí uric acid ti dúró lábẹ́ 6 tí ẹsẹ̀ kò sì wú mọ́, colchicine ni dókítà máa kọ́kọ́ yọ, allopurinol á máa bá a lọ.